Etí Bàbá Mi àti Kẹ̀kẹ́ Oníná

Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, etí ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá dé, yóò fi ìdí ọ̀pá irin kan ti àpótí gíà, yóò gbé orí rẹ̀ sí etí, yóò di ojú. Ohun tí ó bá sọ lẹ́yìn náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ṣì í.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná dé. Ó ní, "Bàbá, ó kàn ń kùn díẹ̀ lẹ́yìn ni. Kò sí epo nínú rẹ̀, kò léwu." Bàbá mi wò ó títí. Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa ní ọjọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2006, nígbà tí ọ̀pá epo bú gbàmù tí èèyàn tó ju 200 lọ sì kú, mọ ohun tí epo lè ṣe. "Ọmọ mi," ni ó wí, "bí táyà bá há lórí eré ní títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta, ṣé ìwọ yóò bèèrè bóyá epo ni tàbí iná?"

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí i. Kò rí àléébù kankan gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ariwo ẹ́ńjìnì ni etí rẹ̀ mọ̀. Ohùn ẹ̀rọ oníná tín-ín-rín, ó ga fíofío, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sá kúrò ní etí àgbà.

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ọ̀rọ̀ náà wá kàn. Ní yunifásítì, a máa ń gba ohùn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì tú u palẹ̀ bí àwòrán, kí a lè fojú rí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Mo fi fóònù gba ohùn kẹ̀kẹ́ náà, mo sì gbé e sínú Praat, ètò kan náà tí a fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìlà kan nípọn: eyín gíà tó ń bá ara wọn pàdé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, àlàfo wọn dọ́gba bí eyín òòyà. Nǹkan kan ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan! A tú àpótí náà: eyín gíà kan ti kán, ègé irin sì wà nínú òróró.

Ní ọdún 2023, Oando àti LAMATA mú bọ́ọ̀sì oníná méjì wá sí Èkó fún ìdánwò. Nínú irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣọ́ iná tí ẹ̀rọ ń fà, ooru rẹ̀, àti bóyá iná ń jò sí ara ọkọ̀. Bí nǹkan bá yí padà, yóò kìlọ̀, ó sì lè dín agbára kù. Kẹ̀kẹ́ tiwa yìí kò ní ẹ̀ṣọ́ tó ń gbọ́ eyín gíà. Àwọn tó sì ní in ńkọ́? Bí wọ́n bá pọ̀ lójú ọ̀nà BRT tó ti Òṣòdì dé ọ̀dọ̀ wa láti 2020, ta ni yóò túmọ̀ ìkìlọ̀ wọn fún àwọn bàbá mi?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kẹ̀kẹ́ oníná mìíràn dé. Bàbá mi kọ́kọ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ sí i, ó di ojú, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pè mí: "Gbé fóònù yẹn wá, kí o jókòó tì mí. Fi ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ hàn mí."