Orin Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Rà

Ó dá mi lójú pé kò sí ọmọ Èkó kankan nínú àwọn tó ń yan ọjọ́ tí géèmù tuntun máa jáde. Bó bá wà níbẹ̀ ni, kò ní gbà kí wọ́n kó ọjà wọn dé oṣù kẹsàn-án. Oṣù yẹn ni ilé-ìwé ń wọlé. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ìwé owó ti tẹ àwọn òbí lọ́wọ́, bàtà àti àpò ìwé sì ti gbówó lórí. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ EA máa ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni Hollow Knight: Silksong dé, géèmù tí àwọn èèyàn ti ń retí láti 2019. FC 26, géèmù bọ́ọ̀lù EA, tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 26. Àárín méjèèjì ni mo ti san owó ilé-ìwé.

Ìwé kan wà nílé wa tí èmi àti ìyàwó mi ń kọ ìnáwó sí. Iwájú ni ti ìrẹsì, gáàsì, owó iná àti owó ilé. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni ti géèmù. N kì í fi pamọ́ fún un, òun náà kì í sì í fojú fò ó. Nígbà tó rí orúkọ Silksong, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé aṣọ lèyí ni àbí géèmù?" Mo ní géèmù ni. Ó ní ká ní aṣọ ni, òun ì bá ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn náà ló mú owó epo jẹnẹrétọ̀ kúrò ní iwájú ìwé, ó kọ ọ́ sí ojú ewé tèmi. Àlàyé rẹ̀ ni pé epo tó bá jó lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, epo géèmù ni. N kò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sẹ́ni tó ń fi epo ṣeré mọ́.

Owó géèmù fúnra rẹ̀ kò le ṣírò. Èyí tó tóbi, tó jẹ́ tuntun, fún PS5 jẹ́ 70 dọ́là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ nǹkan bíi 1,500 náírà, 105,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn á ṣiṣẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀, kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, kó tó lè ra géèmù kan ṣoṣo. Nígbà tí PS4 jáde ní ìparí 2013, 60 dọ́là ni wọ́n ń ta géèmù, dọ́là sì wà ní nǹkan bíi 160 náírà. Kò tó 10,000. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ 18,000, òṣìṣẹ́ lè ra ọ̀kan kó ṣì rówó mọ́tò relé. Nítorí náà n kì í bá àwọn tó ń bú àwọn tó ń ṣe géèmù bú wọn. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, dọ́là mẹ́wàá péré ni wọ́n fi lé ọjà wọn. Náírà ló já bọ́, pàápàá láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà. (Nintendo tó fi 80 dọ́là lé Mario Kart World lórí lọ́dún 2025 ni n kò tíì dárí jì.)

Kì í sì í ṣe owó nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí ilé ìtajà PlayStation ń tajà fún. Ọ̀pọ̀ wa tó ń sùn tó ń jí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni PlayStation gbà pé ó ń gbé ní Texas. Gift card ti Amẹ́ríkà là ń rà, torí káàdì náírà kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ní 2022 ni àwọn báńkì fa iye tó lè ná wálẹ̀ sí 20 dọ́là lóṣù, ìgbà tó yá ọ̀pọ̀ nínú wọn tì í pa pátápátá fún ọjà òkè òkun, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó tún ṣí i. Béèyàn bá wá ra géèmù náà tán, ó kù kó wọlé. Àwọn kan wúwo tó 100 gígábáìtì. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti fi ohun tó tó ìdajì lé owó wọn. Ẹni tó bá fi dátà fóònù fa irú géèmù bẹ́ẹ̀ wọlé ti ná owó síìdì tòkunbọ̀ kan dànù sínú afẹ́fẹ́.

Ìdí nìyí tí síìdì fi ṣì níyì lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àwọn ará ìlú òyìnbó ti ń gbàgbé rẹ̀. Computer Village ní Ìkẹjà, lójú ọ̀nà Ọ̀tìgbà àti àyíká rẹ̀, ni mo máa ń lọ. Pààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ ó mú èyí tí ẹ ti gbá tán lọ, ọlọ́jà á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sí iná wò bóyá ó ti họ, á wá ní, "Ọ̀gá mi, ẹ máa fi owó díẹ̀ lé e." Orí "díẹ̀" yẹn la ti máa ń bá ara wa jà. Síìdì bọ́ọ̀lù ló ń yára kú jù. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, kó ti jáde kúrò nílé yín, torí lọ́jọ́ tí tuntun bá bọ́ sọ́jà, ẹni tí ẹ bá gbé ti èṣí lọ bá á kàn máa wò yín ni. Géèmù onítàn kì í rí bẹ́ẹ̀. God of War tó jáde ní 2018 ṣì ń rí ẹni tó ń béèrè rẹ̀, torí ìtàn inú rẹ̀ kò ní ọdún lára.

N kì í ra FC ní tèmi. Ilé géèmù àdúgbò wa ló ń bá gbogbo wa rà á. Tẹlifíṣàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì àti àwọn pádì tí wọ́n ti fi sẹ̀lótéèpù dì, ẹ ó sì san owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò lè sọ pé òun fẹ́ dúró dìgbà tó bá wọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kò ní jókòó ti géèmù tí agbábọ́ọ̀lù wọn ṣì ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ tó ti fi sílẹ̀. Mo máa ń yà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ tí mo lè bí á nà mí bí ẹni lu bàrà, wọ́n á sì máa fi ọ̀wọ̀ ṣe é: "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," lẹ́yìn góòlù kọ̀ọ̀kan. Ó sàn ju kí n san 105,000 kí ẹ̀rọ máa nà mí nílé.

Bí mo bá ti yọ FC kúrò, orin ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, orin inú géèmù, kí n tó kọ géèmù kankan. Èyí ló ń ya àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní ó wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni mo ń fi dọ́là wá kiri? Ṣùgbọ́n síìdì tí mo bá rà lóṣù yìí á ti di ti ẹlòmíràn kó tó di Kérésì, torí kò sí bí mo ṣe lè ra èyí tó kàn láìfi í pààrọ̀. Èyí tí mo fi gift card rà kì í lọ, àmọ́ ó fẹ́ iná, ó fẹ́ tẹlifíṣàn, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ilé má fẹ́ wo Africa Magic. Orin tí mo bá ti rà, tó ti wọ fóònù mi, kò bi mí léèrè iná. Àwa tí a dàgbà nídìí fíìmù àgbéléwò sì mọ̀ pé orin lè pẹ́ ju àwòrán lọ. Ẹ wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999: ẹni tí kò rántí ìdajì ìtàn náà mọ́ ṣì lè kọ orin rẹ̀ fún yín.

Mo ní orin Clair Obscur: Expedition 33, n kò tíì ní géèmù náà. Àwọn ará Montpellier ní ilẹ̀ Faransé ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kẹrin 2025, ó sì ṣì wọ́n lọ́wọ́ àwọn onípààrọ̀. Lorien Testard ló kọ orin rẹ̀. Ó lé ní 150, ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí títì Òṣòdì sí Àpápá, ó lè tó lọ àti bọ̀. Orin Baba Yetu náà wà lórí fóònù mi, tí Christopher Tin ṣe fún Civilization IV ní 2005. Àdúrà Olúwa ni lédè Swahili, òun sì ni orin géèmù àkọ́kọ́ tó gba Grammy, ní 2011. Mo ti fi í síta ní ọjọ́ Àìkú, tí aládùúgbò wa bi mí pé ìjọ wo ló ní ẹgbẹ́ akọrin yẹn.

Síìdì kan ṣoṣo ló wà tí n kò ní fi pààrọ̀, bí ọlọ́jà fẹ́ kó fi méjì fún mi: Grand Theft Auto IV, ti PS3. Ilé-iṣẹ́ Rockstar North ní Edinburgh, ní Scotland, ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kẹrin 2008. Ìlú inú rẹ̀, New York ni wọ́n wò ṣe é. Béèyàn bá jí ọkọ̀ níbẹ̀ (iṣẹ́ géèmù náà nìyẹn, ẹ má bínú), rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀kan nínú àwọn rédíò náà sì ni IF99. Fẹ́mi Kútì ni olóòtú rẹ̀, ohùn rẹ̀ gan-an, bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń lu orin tirẹ̀, ó ń lu ti Manu Dibango, ó sì ń lu ti Fẹlá, bàbá rẹ̀: Zombie, àti Sorrow, Tears and Blood.

Ẹ bá mi wo ọ̀nà tí Sorrow, Tears and Blood gbà. Agége Motor Road, ní Ìdí-Oro, ni Kalakuta, ilé Fẹlá, wà nígbà tí àwọn sójà dáná sun ún ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Láti ilé wa, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ dé Láwáńsọ̀n, ẹ tún wọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gba, ohun tó kù kò pọ̀. Orin tí Fẹlá fi sọ̀rọ̀ lórí ìyà yẹn kọjá òkun dé Edinburgh, ó wọ inú síìdì, ó gbé lọ́dọ̀ òyìnbó kan tí n kò mọ̀, ó wá gba inú kọ̀ǹténà padà dé Ọ̀tìgbà nínú ike tó ti fọ́ létí. Mo san owó lé e lórí kó tó padà wọ Sùúrùlérè. Bàbá mi mọ Shrine, ilé ijó Fẹlá, nígbà tó ṣì wà ní Empire Hotel. Ó wọlé bá mi níbi tí mo ti ń wakọ̀ kiri nínú géèmù náà, ó sì jókòó. "Má yí i," ló sọ. Mo wá ẹ̀gbẹ́ títì kan gúnlẹ̀ sí, a ń gbọ́, títí rédíò fi bọ́ sórí orin mìíràn. Inú bí bàbá. Àwọn tó ṣe géèmù ti gé orin Fẹlá kúrú, ó sì fẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n kó ìyókù sí.

Ní oṣù kẹrin 2018, ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi gba àṣẹ àwọn orin kan pé, Rockstar sì yọ wọ́n kúrò nínú géèmù náà, orin àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà lórí rédíò Vladivostok FM ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jí lọ́jọ́ kan, ohun tí wọ́n fi owó rà ti dín. PS3 tèmi kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo orin rẹ̀ ló ṣì pé. Ohun tó mú mi pinnu nìyẹn pé orin tí mo bá máa sanwó fún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mo lè fà wálẹ̀ kí n tọ́jú sọ́wọ́. Bandcamp ni mo ti ń rà wọ́n jù. Láti oṣù kẹta 2020 ni wọ́n ti ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í yọ ìdá tiwọn, tí owó fi ń lọ tààrà sọ́dọ̀ olórin. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dúró dè.

Nítorí náà, orin Silksong, iṣẹ́ Christopher Larkin, ló wà lókè ojú ewé ti oṣù kẹsàn-án. Géèmù náà tẹ̀ lé e, 20 dọ́là, nǹkan bíi 30,000 náírà. Kò tíì sí síìdì rẹ̀ nígbà tó jáde, ọ̀nà Texas ló máa gbà wọlé. Owó síìdì tí mo tà lóṣù kẹjọ ló san án. Epo jẹnẹrétọ̀ gba ìyókù.

Ohun tó bá lé sí i di ti oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ará ìlú òyìnbó bá ń bọ̀ wálé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní London mọ ọ̀nà CeX, níbi tí wọ́n ti ń ta síìdì àlòkù, ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà Ọ̀tìgbà lọ. Mo ti fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí i: Expedition 33, Tales of Kenzera: Zau, àti FC 26, torí ọmọkùnrin mi bẹ̀ mí. Ó fèsì pé òun ti rí i, pé ẹrù aṣọ ìgbéyàwó ti gba àpótí kan, kí n mú ẹyọ kan. Mo ní méjì. Ó ní òun á ronú sí i, tí mo bá lè wá ẹni tó máa gbé òun ní pápákọ̀ òfuurufú lóru.