Méjìlá Péré: Àríyànjiyàn Àwọn Ọ̀ta StarCraft

Lónìí, mo fẹ́ fi òwe àti oríkì sílẹ̀ ná, kí n sọ̀rọ̀ lórí géèmù kọ̀ǹpútà kan. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí onítọ̀hún ṣe sùúrù fún mi títí dé ìsàlẹ̀. StarCraft ni orúkọ géèmù náà. Ilé-iṣẹ́ Blizzard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1998, wọ́n sì gbé àfikún rẹ̀, Brood War, jáde kí ọdún náà tó parí. Láti ìgbà náà wá ni àwọn tí ń ta á ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọn kò sì tíì fẹnu kò lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju nọ́ńbà kan lọ: 12.

Kí n tó dé orí nọ́ńbà yìí, ó yẹ kí ẹni tí kò mọ géèmù náà mọ bí ó ṣe rí. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, bí mo bá ta tèmi tán, n ó fọwọ́ lẹ́rán, n ó máa wo ohun tí ẹnìkejì mi yóò ṣe. Nínú StarCraft, kò sí pé ó kàn mí tàbí pé ó kàn ọ́. Èmi àti ọ̀tá mi jọ ń ta á lẹ́ẹ̀kan náà ni, aago kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ayé iwájú ni ìtàn rẹ̀ dá lé, láàárín àwọn ìràwọ̀, níbi tí ẹ̀yà 3 ti ń bá ara wọn jà. Ènìyàn ni àwọn Terran, ìran àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn Zerg dà bí kòkòrò, wọ́n ń pọ̀ bí eéṣú. Àwọn Protoss kì í pọ̀, ṣùgbọ́n agbára ẹyọ kan nínú wọn tó ti ọmọ ogun mélòó kan, owó tí a fi ń kó wọn jọ sì wọ́n. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ní 1998 ni pé ẹ̀yà kan kò jọ èkejì rárá, síbẹ̀ kò sí èyí tí a lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó borí àwọn yòókù. Òṣìṣẹ́ 4 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni yóò máa wa òkúta aláwọ̀ aró àti gáàsì; ohun tí wọ́n bá wà ni a ó fi kọ́ ilé, òun náà ni a ó fi kó ọmọ ogun jọ, títí ilé ẹnì kan yóò fi wó tán.

Wàyí o, bí mo bá fẹ́ rán ọmọ ogun níṣẹ́, n ó fi máòsì yí wọn ká, n ó sì tẹ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n lọ. Ọmọ ogun 12 péré ni géèmù náà gbà kí n yí ká lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹtàlá yóò dúró síbi tí ó wà bí ẹni tí a kò pè. Kòkòrò kékeré kan wà tí àwọn Zerg ń bí ní méjì-méjì, tí à ń pè ní Zergling. Bí mo bá ní 200 nínú wọn, ìgbà 17 ni mo gbọ́dọ̀ pa àṣẹ kan náà kí gbogbo wọn tó kúrò nílé. Àwọn ilé tí ọmọ ogun ti ń jáde pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń tẹ̀ wọ́n. Òṣìṣẹ́ tuntun tí ó bá sì jáde yóò dúró ti òkúta, yóò máa wò ó, àfi bí mo bá padà wá sọ fún un pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo èyí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí ogun ti gbóná níbòmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ni kò lágbára tó. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Command & Conquer ti jáde ní 1995 láìní irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìtàn Blizzard fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí sí i. Nínú Warcraft, tí ó jáde ní 1994, ọmọ ogun 4 ni ènìyàn lè kó lẹ́ẹ̀kan. Nínú Warcraft II, ní 1995, wọ́n di 9. StarCraft ló sọ ọ́ di 12. Patrick Wyatt, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ètò Warcraft, ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nígbà tí òun kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí ìdíwọ̀n kankan níbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sì pinnu pé kí àwọn fi í sí i, kí ènìyàn lè máa ronú sí bí yóò ṣe to ọmọ ogun rẹ̀, kí ó má kàn máa rọ́ gbogbo wọn gìrọ́gìrọ́ sójú ogun. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Àwọn tí ń ta Total Annihilation kò gba àlàyé yìí wọlé. Géèmù ayé iwájú ni tiwọn náà, ó ṣáájú StarCraft pẹ̀lú oṣù díẹ̀, ní 1997. Níbẹ̀, ènìyàn lè to àṣẹ púpọ̀ léra fún ọmọ ogun kan, kí ó sì máa ṣe wọ́n lọ títí wọn yóò fi tán. Ilé iṣẹ́ a máa rọ ohun ìjà láìdúró. Irin àti agbára a máa wọlé bí omi ẹ̀rọ láìsí pé òṣìṣẹ́ kan ń rù wọ́n wálé. Wọ́n ní ọ̀gágun kì í lọ jí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan lórí ẹní. Wọ́n ní ìjà ìka ni StarCraft, pé ọpọlọ kò ráyè níbẹ̀. Mo ti ta Total Annihilation, mo fẹ́ràn rẹ̀, orin rẹ̀ tí Jeremy Soule kọ ṣì ń dùn mọ́ mi títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ta á tán, n kì í rántí ọmọ ogun kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀ lọ bí yanrìn, wọ́n sì kú bí yanrìn. Nínú StarCraft, mo lè sọ fún yín nípa Marine kan tí ó sá mọ́ ẹ̀yìn ilé, tí ó yè é, tí mo sì wá a kiri kí n tó rí i.

Àwọn ará Kòríà Gúúsù ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú dé. Ní àwọn ilé kọ̀ǹpútà ìgboro tí wọ́n ń pè ní PC bang ni StarCraft ti gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó di 2000, OnGameNet bẹ̀rẹ̀ sí fi géèmù hàn lórí amóhùnmáwòrán. Ní 2004, wọ́n ta àṣekágbá ìdíje kan ní etíkun Gwangalli ní ìlú Busan, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé àwọn òǹwòran tó 100,000. Àwọn ọ̀ta ibẹ̀ a máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì àti máòsì ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú géèmù náà. Àwọn tí ń ta á ń pè wọ́n ní micro àti macro. Mo ti wá orúkọ Yorùbá fún wọn títí, kò sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn ju iṣẹ́ ojú ogun àti iṣẹ́ ilé lọ. Bí o bá ń bójú tó ojú ogun, òṣìṣẹ́ rẹ yóò máa ṣeré nílé. Bí o bá padà sílé, wọn yóò pa ọmọ ogun rẹ lójú ogun. Ojú ènìyàn ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú géèmù yìí, ó ṣọ̀wọ́n ju gáàsì lọ. Òun gan-an ni nọ́ńbà 12 ń fi sí ọjà.

Àpẹẹrẹ kan wà tí n kì í sú láti sọ. Àwọn Zerg ní ẹ̀dá abìyẹ́ kan, Mutalisk. Bí a bá kó wọn jọ, wọ́n máa ń tú ká lójú ọ̀run bí ẹyẹ ẹgà. Àwọn ọ̀ta wá ṣàkíyèsí pé bí Mutalisk bá jẹ́ 11, tí a sì fi ohun kan tí ó wà lọ́nà jíjìn réré ṣe ìkejìlá wọn, bí Overlord kan tí ó wà ní igun kejì, géèmù náà yóò rí i pé ọ̀wọ́ yìí ti fọ́n káàkiri jù, yóò sì fún gbogbo wọn ní ojú kan ṣoṣo tí wọn yóò forí lé. Ni àwọn 11 náà yóò bá lẹ̀ mọ́ra wọn gbágbá bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n. Wọn yóò kọlu Marine kan pa pọ̀, yóò ṣubú, wọn yóò sì ti yí padà kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè. Kò sí ẹni tí ó ṣètò èyí ní Blizzard. Láti inú kùdìẹ̀-kudiẹ ètò náà ni ó ti jáde, ìdíwọ̀n 12 sì wà lára rẹ̀. Àtúnṣe tí Blizzard ṣe ní 2001 ni ìgbẹ̀yìn tí wọ́n fọwọ́ kan agbára ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ tí a ti ń jà ni wọ́n ń fi òkè, afárá àti ọ̀nà tóóró mú kí ìjà náà dọ́gba.

Ní 2010 ni StarCraft II dé. Ọmọ ogun tí ó bá wù ọ́ ni o lè kó lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ tuntun a máa lọ wa òkúta fúnra rẹ̀ bí o bá ti fi òkúta hàn án ṣáájú. Inú àwọn kan dùn dọ́ba. Inú àwọn mìíràn bàjẹ́, wọ́n ní gbogbo ọmọ ogun kàn ń rìn pa pọ̀ bí ìṣù kan ni, ìṣù kan yóò gbá èkejì, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ogun yóò ti parí. Nígbà tí Blizzard wá tún ojú StarCraft àtijọ́ ṣe ní 2017, wọ́n tún àwòrán àti ohùn rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi 12 sílẹ̀ bí ó ti wà.

Èmi wà lẹ́yìn 12. Síbẹ̀, ẹjọ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n kọ́ mi ní géèmù yìí. Aránṣọ ni wọ́n ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ìránṣọ àti àlùmọ́gàjí sì ti sọ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn di ohun tí ń ro wọ́n ní alaalẹ́. Ní ọjọ́ kan tí mo ń yin 12 lójú wọn, wọ́n ní, “Ọwọ́ ta ni ẹ fi ṣòdiwọ̀n ná?” Ìbéèrè yìí wúwo. Lee Young-ho pàápàá, tí gbogbo ayé StarCraft mọ̀ sí Flash, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un ní apá ní 2011. Bí a bá sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ni géèmù wà fún, a ti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn síta nìyẹn, àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé sì wà lára wọn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kúkú máa ta StarCraft II? Ẹ ò ní máa tẹ nǹkan tó báyìí.”

Wọ́n ta á fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ ó ń ṣe àwọn bí ẹni tí wọ́n ń bá jẹ oúnjẹ kí ó tó gbé e mì. Nígbà tí mo tún lọ kí wọn, wọ́n so kọ̀ǹpútà wa méjèèjì pọ̀, wọ́n ṣí StarCraft àtijọ́, wọ́n sì dín ìyára rẹ̀ kù. Ìpele ìyára 7 ni ó wà níbẹ̀. Fastest, tí ó yá jù, ni gbogbo ọ̀ta ń lò. Normal, tí ó wà láàárín, ni Ẹ̀gbọ́n mi yàn. Ohun tí ó ń gba ìṣẹ́jú 10 ní Fastest yóò gba bí 16 ní Normal. Ọmọ ogun 12 kò yí padà. Òṣìṣẹ́ ṣì ń dúró ti òkúta, ó ń retí ẹni tí yóò rán an níṣẹ́. Ọwọ́ nìkan ni ó rí ìsinmi díẹ̀.

Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí mo ti ń gbìyànjú láti ṣe gbogbo nǹkan, àwọn ti mọ ohun tí wọn yóò pa tì. Wọn yóò fi ibùdó kan sílẹ̀ kí ó jóná, wọn kò ní wẹ̀yìn wò ó, nítorí wọ́n ti rí i pé àkókò tí wọn yóò fi gbà á là ni wọn yóò fi kó ọ̀wọ́ 3 wọ ẹ̀yìnkùlé mi. Ohun tí 12 wà fún nìyẹn lójú tèmi: pé kí ènìyàn yan èyí tí yóò ṣe àti èyí tí yóò pa tì, kí ó sì gbà fún ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Àwọn tí ó fi ìyára ìka gbè é lẹ́yìn ń ṣe é ní ìdájì ìdájọ́ ni. Mo mọ̀ pé àwọn ògbólógbòó kan yóò ní ohun tí a bá ta ní Normal kì í ṣe StarCraft. Kí wọ́n wá sí Ìbàdàn.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ọ̀fẹ́ ni Blizzard sọ StarCraft àtijọ́ dà ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Ẹ kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà ta á, ẹ fi Protoss bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dín ìyára rẹ̀ kù sí Normal. Bí Dragoon yín bá ń yí po lẹ́nu afárá tí kò mọ ibi tí yóò gbà, ẹ má ṣe bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣe sí gbogbo wa láti 1998. Ó dàbọ̀ o.