Lẹ́tà Kan Lára Irin

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà ọlidé gígùn, èmi àti àwọn òbí mi gbéra láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní ìdájí. A ń lọ sí Adó. Ọkọ̀ akẹ́rù Canter kan ni bàámi ń wà. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwa. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìjerò ló yá wọn. Takisí ni bàámi ti ń wà láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọṣẹ́ ní ọdún yẹn. Màámi wá kó owó àjọ wọn, wọ́n fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí a lè tà á ní Ọjà Ọba. Nínú èrè rẹ̀ ni owó ilé-ìwé mi àti ti àbúrò mi yóò ti jáde.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé àárín òkè ni ìlú náà wà. Kùrukùru ṣì bo ojú ọ̀nà nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀. A kò tíì dé Arámọkọ nígbà tí táyà iwájú lápá òsì bẹ́ gbàù. Bàámi rọra darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ní kí n wá òkúta ńlá mẹ́rin, kí n fi há àwọn táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má bàa yí. Táyà mìíràn wà lẹ́yìn ọkọ̀, jáàkì wà, sípánà náà wà. A rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mú. Bàámi fi sípánà há èkíní, wọ́n fà á, kò mira. Wọ́n gun orí sípánà náà, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. Gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọlọ́kadà kan dúró, wọ́n ní kó bá wa pe fọgánáísà wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni fọgánáísà náà, ó sì lágbára. Ó mú páìpù irin gígùn kan dání. Ó ki páìpù náà bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i, òun àti bàámi sì jọ gbé ara lé e. Irin náà ké. A ti fẹ́ máa yọ̀ nígbà tí a gbọ́ "pá!" Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀. Nọ́ọ̀tì kọ́ ló tú, bóòtù ló kán. Awọ àtẹ́lẹwọ́ bàámi bó. Màámi káwọ́ lérí, nítorí àwọn oníbàárà ti ń pè wọ́n láti Adó pé bí ọjà kò bá tètè dé, àwọn yóò ra ti ẹlòmíràn.

Ibi tí mo lóṣòó sí lẹ́bàá táyà ni mo ti rí nǹkan kan. Mo fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò ní orí àwọn bóòtù tó kù, mo sì rí i pé wọ́n tẹ lẹ́tà "L" sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dìde, mo lọ sí apá ọ̀tún ọkọ̀, mo nu ti ibẹ̀ náà. "R" ló wà níbẹ̀.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ bàbá mi àgbà. Wọ́n máa ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere wọn ṣe fúnra wọn, èmi ni mo sì máa ń bá wọn mú irinṣẹ́. Ìgbà kan tí wọ́n fẹ́ yọ pẹ́dà apá òsì, wọ́n sọ fún mi pé ọ̀nà òdì ni wọ́n ń gbà tú u, pé eyín bóòtù rẹ̀ kò rí bíi ti apá ọ̀tún. Mo wá ń rò ó pé àbí bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ yìí?

Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n kọ L síbí o."

Fọgánáísà ló dáhùn: "Ọmọdé, kúrò níbẹ̀ kí irin má bà ọ́ lójú."

Bàámi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn wò mí. Nílé wa, ojú yẹn ti tó. Mo panu mọ́, mo sì padà sẹ́yìn. Wọ́n tún ki páìpù bọ sípánà, wọ́n tún ń fà á sí ibi tí wọ́n ti ń fà á tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóòtù kejì yóò kán. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bí mo bá tún sọ̀rọ̀, wọn yóò ní mo ń ṣe àṣejù. Mo rọra sún mọ́ màámi, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí wọn létí: lẹ́tà L, lẹ́tà R, àti pẹ́dà bàbá àgbà.

Màámi dìde. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ yìí rí."

Bàámi fi sípánà sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo orí bóòtù. Wọ́n lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n padà wá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ṣé látàárọ̀, ṣe la ń fún un pọ̀ sí i?"

Fọgánáísà náà wò ó, ó sì mirí. Ó ní ọkọ̀ kékeré ni òun sábà máa ń tú. Síbẹ̀, láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbà wá. Ó fi búrọ́ṣì onírin ha ìpáàrà kúrò, ó da kẹrosíìnì sí ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ yípo kí kẹrosíìnì lè wọlé. Ó ní kí a jókòó, kí a má kánjú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó ki páìpù bọ sípánà, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí gbogbo ayé fi ń fún nọ́ọ̀tì. Ó ké, ó sì tú. Báyìí ni a ṣe tú márààrún. Ìgbà tí gbogbo wọn ti dẹ̀ tán ló tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Adó. Àwọn oníbàárà kan ti lọ, a sì ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú. Bàámi ra bóòtù tuntun sí ọkọ̀ olóore wa. Èrè tó kù tó owó ilé-ìwé àbúrò mi. Èmi dúró sílé títí di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó rí tèmi san.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàámi pè mí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá tún wò ọ́ bẹ́ẹ̀, tí o sì mọ ohun tó yẹ kí n gbọ́, fi ọ̀wọ̀ tún un sọ."

Nígbà tí mo padà sílé-ìwé, olùkọ́ wa ṣàlàyé pé yíyí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lápá òsì lè máa tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù fi yí eyín bóòtù apá yẹn padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò ó kó tó fà á.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní ọjọ́ yẹn, ọgbọ́n bàbá àgbà wà níbẹ̀, ti fọgánáísà wà níbẹ̀, tèmi náà sì wà níbẹ̀. Ká ní mo dákẹ́ pátápátá ni, bóyá bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni à bá kán. Ká ní lẹ́tà nìkan ni a sì gbójú lé, láìsí kẹrosíìnì àti sùúrù, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ì bá pọ́n sí.