Agogo Ìlú Kò Yẹ Kí Ó Wà Lábẹ́ Kọ́kọ́rọ́

Ẹ kú ará fẹ́ra kù ti ìyá wa àgbà tí a sin ní oṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú náà gan-an ni ó mú wa gbé kálámù lónìí. Ojú tì wá nípa rẹ̀, a sì fẹ́ jẹ́wọ́ ní gbangba kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ láàrin wa.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí. Nígbà tí ìyá tẹ́rí gbaṣọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú, ó san owó ìkéde fún alẹ́ mẹ́ta. Wọ́n sì kéde rẹ̀ lóòótọ́: ọjọ́, àkókò àti ilé ìjọsìn. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, dẹ́kódà olówó oṣooṣù ni a fi ń wo ohun gbogbo. Owó náà tán ní ọjọ́ Ajé, a ní kí a mú sùúrù títí owó yóò fi wọlé. Bí ó ti tán, tẹlifíṣọ̀n ìlú bá bọ́ọ̀lù òyìnbó lọ. Ohun tó kù lójú àwòrán kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé kí a lọ sanwó. Wọ́n sin ìyá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé kejì, ẹnì kan pàdé wa lọ́jà, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, àwa sì ń bi í pé ta ló kú!

Ẹ wo irú ìtìjú yìí. Ìyá tó gbà wá sílé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń bu oúnjẹ fún wa kí a tó ríṣẹ́, òun ni a kò tẹ̀lé dé ilé ìkẹyìn. Ẹlòmíràn yóò ní, fóònù ń kọ́? Akọ̀wé fi í ránṣẹ́ lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù àwa àgbà mìíràn kò ju èyí tí a fi ń pe ènìyàn lọ. Tẹlifíṣọ̀n la gbójú lé. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ilé wa nìkan kọ́ ni ó ṣe.

Ọmọ wa ọkùnrin ní, “Bàbá, ẹ bá ti sanwó ni. Kò sí ohun ọ̀fẹ́ mọ́ láyé.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbá dànù. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń ra dísù, ó ń sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́, òpó gíga tó fi ń ta àwòrán sáfẹ́fẹ́ ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ má gbowó kò ṣe òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka iye ìgbà tí a ti sanwó. Owó ìjọba ni wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ ìlú sílẹ̀, owó orí wa sì wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń sanwó ìpolówó, àwa tí ń ra ọjà wọn ni ó sì ń ti àpò wa jáde. Ẹgbẹ́ wa tún san owó ìkéde ìyá. Nígbà tí a wá fẹ́ wo ìkéde tí a fi owó ara wa rà, wọ́n ní kí a tún san òmíràn. Ta ni a ń san ìyẹn fún? Aláàárù ni. Kò burú kí aláàárù gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rówó aláàárù san, kò yẹ kí ó ti ẹrù wa mọ́lé.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti ní àpótí àti áńtẹ́nà lórí òrùlé ti ní gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò tí kò ní, ojú fèrèsé ni yóò dúró sí. Ní ọdún 1974, Jos wa yìí náà ní tirẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 pàápàá mọ̀ pé a lè gbowó lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fi gbígba owó ìwé àṣẹ rẹ̀ lé lọ́wọ́, kì í ṣe oníṣòwò.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń jẹ nínú ọbẹ̀ kan náà. Òfin ọdún 1992 níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú láṣẹ láti bèèrè owó lọ́wọ́ àwọn onídẹ́kódà kí wọ́n tó gbé ìran wọn. Àwọn onídẹ́kódà a sì dá a padà sórí ìwé owó àwọn olùwòran. Bí àwọn méjèèjì bá jà lórí owó, ìran a dákẹ́ nílé ẹni tó ti sanwó, nígbà tí ẹni tó so áńtẹ́nà ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Erin méjì jà, koríko ni ó fara gbọgbẹ́.

Àwa ará Jos ni ó yẹ kí ó gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú wa ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ìdánwò tẹlifíṣọ̀n tuntun, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2016: kí ilé-iṣẹ́ gbogbo kó ìran wọn fún ẹnì kan tí yóò jọ ta wọ́n sáfẹ́fẹ́, kí olùwòran ra àpótí kékeré kan, kí ó sì máa wò láìsí owó oṣooṣù irú ti àwọn onídẹ́kódà. A rà á nígbà náà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù òyìnbó wọ̀ wá lójú, a tì í sábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a fà á jáde, a nu eruku rẹ̀, oníṣẹ́ sì yí áńtẹ́nà títí àwòrán fi mú.

Èrò tiwa nìyí. Ẹni tó fẹ́ bọ́ọ̀lù àti sinimá, kí ó sanwó, kò sẹ́ni tó fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń sọ fún ìlú pé ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, tàbí pé ẹnì kan kú, agogo ìlú ni. Kí ìjọba tí ń fún onídẹ́kódà níwèé àṣẹ pa á láṣẹ pé bí owó bá tán, kí ti ìlú máa ṣí sílẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, kí olúkúlùkù so áńtẹ́nà. Kí ẹgbẹ́ sì yan ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé àwọn àgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá, ẹ dákun, ẹ foríjì wá. Bí ọjọ́ ogójì bá pé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹ ó ti bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ìyá.