Ìyá Dé Lọ́ńdọ̀nù, Kò Rí Lọ́ńdọ̀nù!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ránṣẹ́ pè láti Ìlú Ọba pé kí ẹ wá bá òun wẹ ọmọ, mélòó nínú yín ló rí Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ tó padà wálé? Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ilé ìdáná àti pálọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìyá mọ̀. Bí wọ́n bá bi wọ́n lọ́jà pé báwo lọ̀hún, wọn a ní, "Òtútù wà níbẹ̀." Ó parí!

Ìyá aláṣọ kan láti Gbági, n'Ìbàdàn, kò gbà bẹ́ẹ̀. Peckham ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, níbi téèyàn ti lè fi Yorùbá ná iṣu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti wẹ ọmọ tán tó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó dá jáde.

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 ló wọ̀. Kò sí kọ́ńdọ́ tó ń pariwo ṣéńjì, torí láti 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn mọ́. Káàdì ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ, bíi Cowry t'Èkó. Béèyàn bá sì tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan, wọn kì í gbowó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́lẹ̀, bọ́tìnnì ló ń tẹ̀. Kò sí pé à ń kígbe "Ó wà o!"

Òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì náà ni ìyá lọ jókòó sí, níwájú pátápátá. Nígbà tí wọ́n gun afárá Westminster, ó rí odò Thames, ó rí ilé aṣòfin, ó rí ilé gogoro tí gbogbo ayé ń pè ní Big Ben. Agogo inú rẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ Big Ben o. Láti 2012 ni wọ́n ti ń pe ilé náà ní Elizabeth Tower.

Ó bọ́lẹ̀ ní Trafalgar Square, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí British Museum. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹni mẹ́ta ló bi. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ló ti pàdé orí kan tí wọ́n hú jáde n'Ífẹ̀ ní 1938, tòun ti ilà wẹ́wẹ́ lójú. Àwọn idẹ tí sójà òyìnbó kó ní Bìní ní 1897 náà wà níbẹ̀. Ìyá dúró, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ọjà ilé wa rèé, nínú ìsọ̀ onísọ̀."

Nígbà tó ń padà, kò wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tó ti wà láti 1863. Ó yá ju bọ́ọ̀sì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá sì gbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tó ń jáde, yóò san ju bó ti yẹ lọ. Àti pé kí leèyàn fẹ́ rí nínú ihò?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ra káàdì fún ìyá yín. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé sínú ìwé, kó fi sápò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bẹ̀rù. Ìyá tó ń rìn já Gbági lọ́jọ́ tí ọjà kún, kí ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi dẹ́rù bà á?