Ọmọ Òṣómàáló ní Atosin

Ọsàn mẹ́wàá ni mo mú dání láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá oníbàárà mi kan ló ń ṣàìsàn, mo ní kí n yà kí i kí n tó ṣí ìsọ̀. Bí mo ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí, ọmọ kékeré kan sá wọlé, ó ń pariwo pé, "Òṣómàáló ti dé o!" Oníbàárà mi jáde, ó ń so ìró mọ́dìí, kò tiẹ̀ rántí kí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Aláṣọ, kòkó ò tíì gbẹ. Tí a bá ti tà á, ẹ ó rówó yín." Mo na ọsàn sí i. Ojú tì í. Ojú ti èmi náà, nítorí pé pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Atosin, ní Ìdànrè níbí, ohun tó mọ̀ nípa mi kò ju pé Ìjẹ̀ṣà ni mí, Ìjẹ̀ṣà kì í sì í fi owó sílẹ̀.

Lóòótọ́, òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Láyé àwọn Òyìnbó, àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ kiri Èkìtì àti gbogbo ilẹ̀ Oǹdó, wọ́n a tà á láwìn. Kòkó ló fa àwìn yẹn. Àgbẹ̀ kòkó kì í gbowó oṣù: láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni èyí tó pọ̀ jù ń wọlé, ìyókù ọdún, orí igi lowó rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ fún un lóṣù kẹfà, àfi kó tà á láwìn. Tí kòkó bá wá dé, aláṣọ gbọ́dọ̀ tètè débẹ̀ kí owó tó gba ibòmíràn lọ. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Bẹ́ẹ̀ lorúkọ ṣe mọ́ wa lórí. Òwò ló kọ́ wọn ní òṣó líló, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ká ní ará Ìdànrè ló ń ru aṣọ lọ sí Iléṣà nígbà náà ni, àwọn náà ìbá lóṣòó.

A ò sì jìnnà síra rárá. Ọwá ni ọba Ìdànrè, Ọwá ni ọba Iléṣà.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an nìyí. Lákòókò kòkó kan, àdá ọkọ mi sọnù lóko. Alágbàṣe kan láti apá Okene ló ń bá wa ṣiṣẹ́. N kò wádìí, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ìgbìrà yẹn ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Kó tó dìrọ̀lẹ́, a rí àdá náà lábẹ́ èèpo kòkó, níbi tí ọmọ tèmi fúnra rẹ̀ jù ú sí.

Alágbàṣe náà ti gbọ́. Nígbà tí mo dé ahéré, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì Ghana-Must-Go, ó jókòó tì í. Mo tẹjú mọ́ báàgì yẹn. Gbogbo wa la mọ ibi tó ti rí orúkọ: oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà àtàwọn àjèjì mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, Busia, olórí ìjọba Gánà, ti fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá wà nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ẹjìgbò, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ tí wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n ní wọ́n ti gba ọjà mọ́ onílùú lọ́wọ́. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn" ló ṣáájú, kí "ẹ máa lọ" tó tẹ̀lé e.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "Màmá, Ebira là ń pe ara wa. Èmi náà sì lórúkọ." Ó ti bá wa ká kòkó ọdún méjì, n kò béèrè orúkọ yẹn rí. Ìgbà mẹ́ta ló pè é kí ó tó mọ́ mi lẹ́nu. Ó tú ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin olóko ní Atosin, ní Aládé, ní Odòde, kòkó ọdún yìí ti ń pọ́n. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tó ń bá yín ká a.