Orúkọ Tí À Ń Jẹ́ Ni Kí Ẹ Máa Pè Wá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ẹlòmíràn lè ní kò yẹ kí a sọ ọ́ níta. Àmọ́ àwa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń gbé láàárín yín. A jọ ń tò fún ọkọ̀ ní géètì, a jọ ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà ní búkà kan náà, a sì jọ ń bẹ̀rù ìdánwò kan náà. Ẹ jẹ́ kí á fẹnu ara wa sọ ọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn bá wa sọ ọ́.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé nílé kan nítòsí ọgbà ilé-ìwé. Méjì nínú wa jẹ́ tíráǹsì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí agbẹ̀bí sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, ì báà jẹ́ "ọkùnrin ni" tàbí "obìnrin ni", kò bá ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn mu. Ọ̀kan ń gbé ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin, èkejì gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Àwa méjì tó kù kì í ṣe tíráǹsì. Ọ̀rẹ́ ni wá, a sì jọ ń dá owó ilé. Níbi tí ẹ bá ti rí "ọ̀kan nínú wa" nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ máa wá ẹni tó jẹ́. Èdè Yorùbá bá wa bo àṣírí yẹn.

Ibẹ̀ gan-an la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún wa pé kò yẹ kí tíráǹsì níṣòro nínú èdè Yorùbá, torí pé "ó" àti "òun" kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Òótọ́ ni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní London ní láti bẹ̀bẹ̀ fún lójoojúmọ́, èdè wa ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ wa náà rọ̀ wá lọ́rùn: Ayọ̀mídé, Tèmítọ́pẹ́, Olúwaṣeun, Ìfẹ́olúwa, kò sí èyí tí ọkùnrin kò lè jẹ́, kò sì sí èyí tí obìnrin kò lè jẹ́. Nínú agbo ilé, ìyàwó máa ń pe ọmọbìnrin kékeré tó bá nílé ọkọ ní "ọkọ mi", kò sì sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà mú káàdì ìdánimọ̀ wá.

Ṣùgbọ́n "ó" nìkan kò tó gbé ayé. Tí a bá dé ọjà, ẹni tó wo ìrùngbọ̀n á ní "bọ̀dá, ẹ wá rajà", ẹni tó wo irun orí á ní "àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà?" Wọ́n á wá wo ara wọn, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀. Ní ibùdókọ̀ ọ̀kadà, ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù ni "Ṣé akọ ni àbí abo?" Wọn kì í bi àwa, ara wọn ni wọ́n ń bi, bí ẹni ń ná ewúrẹ́. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ilé wa nìkan ni kò bá wa fa wàhálà kankan. "Ọmọ mi" ló ń pe gbogbo wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. A ò mọ̀ bóyá ó rò ó kó tó sọ ọ́, tàbí bó ṣe ń pe gbogbo ayé nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí oníbàárà kan ń fi ọ̀kan nínú wa ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé ìgbakọ dúró, ó ní, "Ṣé oúnjẹ lo wá jẹ àbí ènìyàn lo wá wò?" Ọkùnrin náà jẹun, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí wọ́n bá ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni. Káàdì ilé-ìwé ni o, fọ́ọ̀mù ni o, ìwé báńkì ni o, gbogbo wọn ló ní ibi tí a ti gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjì. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fi káàdì rẹ̀ hàn. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wo àwòrán, ó wo ojú, ó tún wo ibi tí wọ́n kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Ó ní irọ́ ni, pé ẹlòmíràn ló rán an wá jókòó ìdánwò. Ó fa káàdì náà lé ẹnìkejì lọ́wọ́, ẹnìkejì fà á lé ẹnìkẹta, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sókè, gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú 35 ló lọ nínú ìdánwò wákàtí 2 kí wọ́n tó gbà kó jókòó. Ó yege kọ́ọ̀sì náà. Àmọ́ láti ìgbà náà, tí ọjọ́ ìdánwò bá pé, aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí. Kì í jí kàwé. Aṣọ ló ń rò, èyí tó máa wọ̀ tí wọn ò fi ní dá a dúró.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, a kọ lẹ́tà. A ò ní kí wọ́n yí ohunkóhun padà nínú ìwé. Ohun 2 la béèrè: kí wọ́n yẹ káàdì ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá àwòrán mu wò níkọ̀kọ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín ní gbangba. A fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ nìkáàbù, ó sì kan ẹni tí àìsàn ti yí ojú rẹ̀ padà. Ọ̀gá kan ránṣẹ́ pè wá, ó fetí sílẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ní sáà yìí, inú ọ́fíìsì kékeré kan ni wọ́n ti yẹ káàdì náà wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni ọ̀gá náà fi sọ ọ́, kò kọ ọ́ síbì kankan. Tí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́la, kò sí ìwé tí a máa fi han ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ lẹ́tà kejì.

Bí àwọn kan bá gbọ́ pé ènìyàn ń jà fún ẹ̀tọ́, ìwọ́de àti pátákó ni wọ́n ń rò. Àwa mọ ibi tí a wà. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá ṣègbéyàwó, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń kópa nínú rẹ̀. Òfin yẹn kò dárúkọ tíráǹsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ọ̀kan nínú wa dúró lójú títì kì í ka òfin kó tó gba fóònù. Ní ọdún 2022, wọ́n gbé àbá kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá pé kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà jẹ ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin àti obìnrin tó bá múra bí ọkùnrin. Àbá náà kò di òfin. Àmọ́ wọ́n yọ òṣèré orí ìtàgé sílẹ̀ nínú rẹ̀, èyí sì pa wá lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wé gèlè nínú fídíò apanilẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ló ń wò ó, àwọn ìyá wa náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wé e lọ ra tòmátì ni wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀daràn.

Nítorí náà, iṣẹ́ tiwa kéré, àmọ́ ojoojúmọ́ là ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í dá jáde lálẹ́. A ń dá 1,000 náírà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kì í pín in. Owó ọjọ́ wàhálà ni. A mú orí kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, a fi Yorùbá ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ara wa, a sì kọ́ ọ sórí. Apá 34 ní wọn ò gbọ́dọ̀ hùwà ìkà tàbí ìwà àbùkù sí ẹnikẹ́ni. Apá 35 ní ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Apá 37 dáàbò bo ilé ẹni, lẹ́tà ẹni àti ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka apá 37 fún ẹni tó fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá wa" sí i. Ọ̀gá náà ní, "Ṣé lọ́yà ni ẹ́ ni?" Ó ní, "Rárá sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí." Ọ̀gá gba 2,000 náírà, ṣùgbọ́n kò gba fóònù. Ìṣẹ́gun nìyẹn lójú tiwa.

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n ni pé, "Èyí kì í ṣe àṣà wa, ọ̀dọ̀ Òyìnbó lẹ ti kó o wá." A kì í bá wọn jà. A kàn máa ń ní kí wọ́n wo ẹlẹ́gùn Ṣàngó: ọkùnrin tó dirun bí obìnrin, tí wọ́n sì ń pè ní ìyàwó òrìṣà. A ò sọ pé ẹlẹ́gùn jẹ́ tíráǹsì. Wọn kò pe ara wọn bẹ́ẹ̀, a ò sì ní fi orúkọ tí wọn kò jẹ́ pè wọ́n. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn baba ńlá wa rí ọkùnrin tó dirun, ayé kò sì bàjẹ́.

Èdè wa tilẹ̀ ti bá irú wa rìn jìnnà. Ní Brazil, àwọn tíráǹsì tí wọ́n ń pè ní travesti ní èdè kan tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, pajubá lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti inú Candomblé wá, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ọ̀hún. "Odara" ni ohun tó dára, "otim" ni ọtí, "ajeum" ni oúnjẹ, "ocó" ni ọkùnrin, "equê" ni irọ́. Ẹ ò gbọ́ èké níbẹ̀ bí? Nígbà ìjọba ológun, tí ọlọ́pàá ń kó wọn nígboro, èdè yìí ni wọ́n fi ń ta ara wọn lólobó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìbéèrè kan jáde lórí pajubá nínú ENEM, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wọn, tó dà bíi JAMB tiwa. Ariwo sọ, Jair Bolsonaro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò ààrẹ nígbà náà, wà lára àwọn tó bínú sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé láti ọdún 2014, ìdánwò yìí kan náà ti gba tíráǹsì láàyè láti fi orúkọ tí wọ́n ń pè é láwùjọ jókòó. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní tíráǹsì lè yí orúkọ padà nínú ìwé ìbí láìṣe iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, Brazil wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń pa tíráǹsì jù láyé. Nítorí náà, a kì í tan ara wa pé tí ìwé bá ti yí, ènìyàn ti yí nìyẹn. Iṣẹ́ méjèèjì la ní láti ṣe.

Ó wá ku ilé. Orúkọ wa lè má sọ akọ tàbí abo, àmọ́ oríkì ń sọ ọ́. Àkànní, Àjàní, Àlàbí ni ti ọkùnrin. Àbẹ̀kẹ́, Àdùnní, Àṣàkẹ́ ni ti obìnrin. Tí ìyá àgbà bá fi oríkì kí ènìyàn láàárọ̀, orí ẹni á wú. Ti ọ̀kan nínú wa kì í wú. Ó fẹ́ràn ìyá àgbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríkì tí ìyá àgbà ń fi ìfẹ́ pè é dùn ún ju ẹ̀rín gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Ní Kérésìmesì tó kọjá, ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ irú èyí rí, òun á fi sínú àdúrà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó pè lórí fóònù. Kò ki oríkì kankan. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é títí di òní. A ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́pọ̀ alẹ́. Ẹnìkan nínú wa ní ìyá àgbà ti gba oríkì padà ni, pé ìyà ni. Ẹlòmíràn ní ó fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn ni. Ẹni tó ni ìyá àgbà kò tíì sọ èyí tó rò. Ó kàn máa ń dáhùn pé òun ti jẹun, kódà bí kò bá tíì jẹ.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹni tó bá sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ fi pè é. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá bọ̀dá ni àbí àǹtí, "ọ̀rẹ́ mi" wà níbẹ̀, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń fi orúkọ ẹnìkan ṣẹ̀sín ní gbọ̀ngàn, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dá ọ̀kan nínú wa dúró lójú ọ̀nà, ẹ má sá lọ. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n mọ̀ pé ojú ń wò wọ́n. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti di agbẹjọ́rò, dókítà tàbí onílé, ẹ̀yin la ń wò. Oṣù mẹ́ta la fi wá ilé tí à ń gbé yìí. Onílé 5 ló ní yàrá ṣófo lórí fóònù, tí yàrá náà sì kún nígbà tí wọ́n rí wa.

Lẹ́tà kejì ti wà níwájú àwọn aláṣẹ. Bí wọ́n bá fèsì, a ó sọ fún yín níbí. Bí wọn ò bá fèsì, a ó kọ ẹ̀kẹta.